Etelka àti Àmì Olójú Méjì

Gbogbo ọdún tí mo fi bá Kapor Etelka ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìlú Körtvés, n kò gbọ́ kí ó pe ẹnikẹ́ni ní wèrè rí. Bí ènìyàn bá mú un bínú, á kàn wo onítọ̀hún láti orí délẹ̀, á ní, "616.89." Nọ́mbà tí a fi ń to ìwé lórí àrùn ọpọlọ ni. Àwọn ará ìlú wa kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," wọ́n á sì máa lọ sílé wọn tayọ̀tayọ̀.

Èmi Böbe ni mo jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yá ìwé, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀, n kò ní parọ́.

Etelka kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé ìwé tuntun, kí ó mọ ohun tí ó dá lé, kí ó sì fún un ní nọ́mbà. Iṣẹ́ oko ni 63. Ìtọ́jú ilé ni 64. Ẹlẹ́dẹ̀ sísìn ni 636.4. Bí ìwé kan bá dá lé ọ̀rọ̀ méjì, nọ́mbà méjì ni yóò kọ sórí káàdì rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀kán íǹkì méjì sáàárín wọn, ọ̀kan gun èkejì lórí bí ojú ológbò tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àmì olójú méjì là ń pè é. Òun ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì jọ ń gbé inú ìwé kan náà.

Ṣùgbọ́n nínú àpótí káàdì wa, káàdì kan kò lè wà ní dúrọ́ọ̀ méjì. Nọ́mbà àkọ́kọ́ la fi ń tò ó. Nọ́mbà kejì kàn ń bá a kiri ni, bí ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé tí aládùúgbò kankan kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kejì yẹn gan-an lo ń wá, kò sí dúrọ́ọ̀ tí o lè ṣí. Etelka nìkan lo lè lọ bá. Yóò gbójú sókè wo àjà, ètè rẹ̀ á máa mì díẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Dúrọ́ọ̀ kẹrìndínlógún, ọwọ́ ẹ̀yìn, káàdì tí kọfí ta sí." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń wo àjà yẹn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1991, wọ́n fún wa ní kọ̀ǹpútà kan láti olú ìlú agbègbè. Ẹni tó gbé e wá ni Bálint Vendel, ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣètò àkókò ọkọ̀ ojú irin kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fi bẹ́líìtì dè é bí ọmọ jòjòló. Ìrọ̀rí náà ni ẹ̀rọ yẹn jókòó lé lórí tábìlì títí ìyàwó fi ránṣẹ́ wá gbà á.

Vendel pè wá jọ. "Ìyáàfin Etelka," ó ní, "ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín. Nọ́mbà yín yìí, ọkọ̀ ojú irin ni. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni orí ọkọ̀, èyí tó kù ni àwọn tó ń fà lẹ́yìn. Orí ọkọ̀ nìkan ni káàdì yín ń wò. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn kò ríbi sọ̀ sí! Ètò tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà á já wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú á ní ibùdókọ̀ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wá ìwé láti ibi tó bá wù ú."

Etelka ká apá mọ́yà. "Nígbà tí ẹ wà nídìí ọkọ̀ ojú irin, ṣé wọ́n ń dé lásìkò?"

"Wọ́n máa ń pẹ́ díẹ̀."

"Ìwé tèmi kì í pẹ́."

Ó yípadà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó kù díẹ̀ kí ó sọ 616.89, mo rí i lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ìjà tí kò lárìwo. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Etelka máa ń yan pogácsa, búrẹ́dì kéékèèké, wá síbi iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi wàràkàṣì sí, gbígbóná fẹlifẹli. Á gbé àwo rẹ̀ ká ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ Vendel, á gbé àwo náà ga kọjá lórí rẹ̀, bí obìnrin tó ń gbé aṣọ sókè kí ó lè ré kòtò kọjá. Vendel á fa òórùn rẹ̀ símú, á mí kanlẹ̀, á sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Èmi ni mo tẹ nọ́mbà gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Ìka mi wú dé ibi pé òrùka ìgbéyàwó mi kò bọ́ mọ́. Ọkọ mi ní inú òun dùn sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ tí a ṣí i fún ará ìlú, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Gubics Ödön, àpọ́n ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó ń sin ogójì ẹlẹ́dẹ̀ létí odò Tisza.

"Böbe," ó ní, "mo fẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ní lórí ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo rẹ̀ o. Ayé ti yípadà, n kò fẹ́ kó yí fi mí sílẹ̀."

Mo tẹ 636.4. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó pọ ìwé kan jáde, àkọlé mọ́kànlélógójì. Ödön ká a sínú fìlà rẹ̀, ó lọ sí ibi àwọn pẹpẹ ìwé.

Kò pé wákàtí kan tí Ìyáàfin Hermina dé. Ìyàwó apòògùn ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Körtvés. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé lórí obìnrin oko àti ilé rẹ̀, ó sì fẹ́ kí a ka àkọlé gbogbo ìwé tó bá wà lórí rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́. Oko àti ìtọ́jú ilé. Mo tẹ 63:64. Ológbò tún ké. Àkọlé mọ́kànlélógójì. Ìwé méjèèjì gùn dọ́gba, mo rí i, ṣùgbọ́n ebi ọ̀sán ti ń pa mí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí náà. Ìwé inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa kò fẹ̀, nítorí náà Vendel ti pa á láṣẹ pé kí ó gé àkọlé yòówù tó bá gùn jù. Ọ̀rọ̀ ìparí ló ń gé dànù. Ọ̀rọ̀ ìparí náà ló sì sábà máa ń jẹ́ "ẹlẹ́dẹ̀".

Nígbà tí ìpàdé dé, Hermina gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. Ó ní kí n bọ́ síwájú kí n kà á, níwọ̀n bí èmi náà ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Mo dìde, mo tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Bí a ṣe ń mú wọn sanra kíákíá," mo kà.

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ẹnìkan ní bóyá ìwé ìṣègùn ni.

"Ọ̀nà mẹ́wàá láti dá ìjà wọn dúró nídìí oúnjẹ."

"Òótọ́ wà ńbẹ̀," ni ìyá àgbà kan wí lẹ́yìn.

"Ìgbà tó yẹ kí a tà wọ́n."

"Tún un kà," ni Hermina wí.

"Ìgbà tó yẹ kí a tà wọ́n."

"Ọkọ mi ti ka ìyẹn," ni ìyá àgbà náà tún wí. "Ojú tó fi ń wò mí láti àná ò yé mi."

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró síwájú èrò, tó mú ìwé lọ́wọ́, kì í mọ bí a ṣe ń dúró. "Gígé ìrù: àǹfààní àti ewu rẹ̀," mo kà. Lẹ́yìn náà, kí n tó mọ ohun tó ń ti ẹnu mi jáde: "Ṣé a lè fi èyí tó ti darúgbó ṣe sọ́séèjì?"

Ariwo sọ. Hermina gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà. "Lọ́la," ó ní. "Láago mẹ́sàn-án. Gbogbo wa pátá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́rìndínlógún ya wọ ilé ìkàwé pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òjò kò ṣú. Ọ̀gá wa rántí pé òun ní ìpàdé níbòmíràn, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Vendel lọ dúró sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò tó bo ènìyàn. Etelka fara ti àpótí káàdì rẹ̀, ó ká apá, ojú rẹ̀ ń dán. N kò rí i kí ojú rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló ṣe irú èyí?" Hermina ju ìwé náà sórí tábìlì. "Ta ló fi obìnrin ṣe sọ́séèjì?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ilẹ̀kùn tún ṣí. Ödön ni. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó mọ́ tónítóní, ó ti ya irun, ó gbé ìwé kan há abíyá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí ẹ tó máa bá tiyín lọ," ó ní. Ó kọjú sí Vendel. "Bàbá, ẹ̀rọ yín yìí, Ọlọ́run ló rán an. Ìwé tó fi hàn mí yìí, *Alábàáṣe Rẹ Nínú Oko*, kò sírú ẹ̀. Mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ láti kékeré, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan wọ̀nyí fún mi rí."

"Bí i kí ni?" ni Etelka bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Pé ó yẹ kí aṣọ wà lójú fèrèsé rẹ̀. Mo ti rán an, aláwọ̀ búlúù. Pé kí n máa kí i láàárọ̀ kí n tó kí màlúù. Pé kí n má jágbe mọ́ ọn nídìí oúnjẹ, kí n má sì fi oúnjẹ rẹ̀ wé ti ìyá mi. Pé ní ọjọ́ Àìkú kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ti pọ̀ lórí rẹ̀." Ó gbọwọ́ lé àyà. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo tíì ṣe é. Mancika ti fi kílò mẹ́rin kún ara! Tí mo bá wọlé, ó ń sunkún."

Mancika ni abo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù. Hermina ti gba ìwé náà, ó ti ṣí i. Ó kà díẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ödön, ìwé ìyàwó nìyí."

"Ẹ ní kí ni?"

"Wọ́n kọ ọ́ fún àgbẹ̀ ọkùnrin, kó lè mọ bó ṣe máa tọ́jú ìyàwó rẹ̀."

Ödön wo ìwé náà. Ó ronú, ó fọwọ́ họ ọrùn. "Mo ṣàkíyèsí," ó wí níkẹyìn, "pé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àna kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní òkèèrè nìyẹn."

Ìyá àgbà àná ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n wá àga fún òun. Obìnrin kan béèrè bóyá ọkọ òun lè yá ìwé yẹn. Òmíràn ní òun ló kàn lẹ́yìn rẹ̀. Hermina nìkan ni kò tíì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igun ẹnu rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Etelka kúrò lára àpótí káàdì. Ó rìn lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù márùn-ún. "Böbe ọmọ mi, tẹ ohun tí o tẹ̀ fún ìyáàfin kí n rí i."

Mo tẹ 63:64. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo bí nọ́mbà náà ṣe ń yíra padà lójú ẹ̀rọ. 6364. Lẹ́yìn náà, 636.4.

"Ọ̀gbẹ́ni Bálint," ó ní, "àmì olójú méjì mi dà?"

Vendel wúkọ́. "Mo ní kó kó gbogbo àmì kúrò, kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn nọ́mbà mẹ́ta ló wá ń fi àmì ìdánudúró sí i, bí òfin yín ṣe wí."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ já ọkọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá jó wọn pọ̀ mọ́ra. Ẹ mú oko, ẹ mú ilé, ẹ fọ́ ògiri àárín wọn, ó di ẹlẹ́dẹ̀."

Vendel wo ojú ẹ̀rọ náà. Etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà náà ni Etelka bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá, n kò gbọ́ ọ rí. Ó ń ké wíìwíì bí dúrọ́ọ̀ tí wọn kò tíì ṣí láti ìgbà ogun. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó sì ń tọ́ka sí ojú ẹ̀rọ. "Ó di ẹlẹ́dẹ̀!" Hermina náà bá sọ agboòrùn sílẹ̀, ó fara mọ́ ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, ilé ìkàwé pa lọ́lọ́. Mo ń to àwọn àga padà. Etelka jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Vendel, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Nígbà òtútù tó kọjá," ó ní, "ẹnìkan bi mí léèrè ìwé. Mo gbójú sókè. Àjà lásán ni mo rí."

Vendel náà wo ọwọ́ tirẹ̀. "Lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀," ó wí, "mo gbàgbé ibùdókọ̀ kan nínú ètò àkókò. Odidi ìlú. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ọkọ̀ kankan ò dúró níbẹ̀."

"Àwọn ará ìlú náà ò pariwo?"

"Wọ́n rò pé ìjọba ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Etelka mi orí. Ó dìde, ó lọ gbé àwo pogácsa tó wà lẹ́yìn àpótí káàdì, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tún ètò náà kọ. Etelka gbé àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ó sì kọ́ ọ ní gbogbo àmì lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ kíláàsì kìíní: èyí tó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, àkámọ́ tó ń sọ orílẹ̀-èdè, èyí tó ń sọ ọdún, èyí tó ń sọ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé. Ní báyìí, bí ẹ̀rọ bá ti kan àmì olójú méjì, á dúró, á gé e síbẹ̀, á sì kọ ìwé náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Wọ́n jà lójoojúmọ́. "Ẹ ò gbọ́ mi ni!" "Mo gbọ́, ohun tí ẹ sọ ni kò dára!" Mo gbọ́ 616.89 nígbà mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹta, Vendel lọ wò ó nínú ìwé ìsọ̀rí, ó padà wá, ó ní, "Mo ti mọ ohun tí ẹ ń pè mí o." Etelka ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó di oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Àrá sán ní Körtvés bí ẹni pé wọ́n ń da ìkòkò irin láti orí òrùlé. Gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ Ödön ya ọgbà jáde. Mẹ́sàn-án nínú wọn sá wọ inú ọgbà òdòdó Hermina, wọ́n sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán tó fi mọ́ ike tí wọ́n fi ń bomi rin ín. Ödön dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún.

"Ẹ gbà mí o. Ṣé ìwé kankan wà lórí ẹlẹ́dẹ̀ àti àrá?"

Etelka gbójú sókè. Ó wo àjà pẹ́.

"Böbe," ó ní, "tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ nọ́mbà ẹlẹ́dẹ̀ àti nọ́mbà ojú ọjọ́. Ìwé kan ṣoṣo jáde, 551.5:636.4. Ìwé pẹlẹbẹ ni, dókítà ẹranko kan ló kọ ọ́ ní ọdún 1934. Àárín àwọn ìwé ojú ọjọ́ ni wọ́n tò ó sí, lábẹ́ ìkúukùu àti yìnyín, níbi tí àgbẹ̀ kankan kò ní dé láéláé. Mo lọ fa káàdì rẹ̀ yọ. Ọdún 1962 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú íǹkì dúdú, ọwọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró ṣánṣán.

Etelka gbà á. "Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "N kò rántí rẹ̀ rárá."

Mo rò pé yóò sunkún. Mo ti ń wá áńkáṣífù kiri. Ó gbé káàdì náà sún mọ́ fèrèsé, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ẹ wo bí ọwọ́ mi ṣe gún tó nígbà náà," ó ní. "Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ sáà wò ó." Ó fi han Vendel, ó fi han Ödön, ó fi han obìnrin kan tó kàn wá dá ìwé oúnjẹ padà. Gbogbo ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ fi dùn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé àbúrò tó ti lọ ìrìn àjò, tó sì rí i pé kò tíì hu ìwà burúkú kankan.

Dókítà 1934 ní kí wọ́n fi arúgbó ẹlẹ́dẹ̀ kan tí etí rẹ̀ ti di sáàárín àwọn yòókù; bí kò bá ti sá, àwọn yòókù á tijú. Ödön ṣe é. Gbogbo wọn ń dúró báyìí bí àrá bá ń sán, àfi ẹyọ kan tó ṣì máa ń lọ sọ́dọ̀ Hermina. Òdòdó ló ń bá lọ ní tirẹ̀, kì í ṣe àrá.

Kí ọdún náà tó parí, Ödön gbé opó kan tó ń ta òwú níyàwó. Obìnrin náà máa ń sọ káàkiri pé òun kò tíì rí ọkùnrin tó mọ obìnrin tọ́jú tó bẹ́ẹ̀, pé níbo ni ó ti kọ́ ọ? Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tó dáhùn.

Àwọn ará olú ìlú agbègbè wá wo ètò Etelka àti Vendel, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìkàwé méje mìíràn. Wọ́n pe Etelka láti wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó bọ́ síwájú, ó ní, "Ẹ má ṣe yọ àmì kúrò. Ẹ má ṣe gé àkọlé. Ẹ sì jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Ó jókòó. Wọ́n ti ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1996, ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìlú Szeged. Nígbà tó pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, ó lọ kọ́ omi wíwẹ̀, òun tí kì í fẹ́ kí òjò kan òun tẹ́lẹ̀. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì bá a níbi ìwẹ̀ omi gbígbóná, ó fi fìlà rọ́bà pupa bo irun, omi mù ún dé ọrùn, ó ń bá bàbá mẹ́ta tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì lórí pákó inú omi jiyàn. Ó ní wọ́n ń yànjẹ. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi, ó ní kí n bọ́ aṣọ kí n wọlé, omi náà dára.